Ẹ̀rọ tó dúró kò tíì kú: bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe láì fi ọwọ́ ṣòfò

Alátúnṣe:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Níbi tí bẹ́líìtì akẹ́rù, ẹ̀rọ ìlọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń po nǹkan bá ti pọ̀, wọn kì í fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ dúró torí gírísì ṣíbí kan tàbí torí nǹkan kékeré tó há. Àwọn kan ní bí a bá ti tẹ bọ́tìnì pupa, ó ti tó. Àwọn mìíràn ní àfi kí a fi àgádágodo ti iná pa. Ìlànà tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan la fẹ́ kọ. Iṣẹ́ wo gan-an ni èèyàn lè ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ń yí? Báwo la ṣe ń pa á tí kò fi ní jí mọ́ni lọ́wọ́? Bó bá sì ti mú èèyàn, kí la ó kọ́kọ́ ṣe? Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́, kódà èyí tó dà bíi pé gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n.

Onísípánà:
Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìṣirò bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jẹ ni pé wọ́n gbọ́kàn lé yíyá ọwọ́ wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tó sì ń ṣọ́ra, máa lò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn lẹ́yìn tí ojú ti rí ewu. Bẹ́líìtì tó ń sáré ní mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á ti rìn nǹkan bíi 37 sẹ́ńtímítà kí ìyẹn tó pé. Ẹnu ẹ̀rọ ti gba ọrùn ọwọ́ kọjá nìyẹn, ó ń lọ sí ìgúnpá. Ẹ wo ṣáàfù tó nípọn tó 50 mìlímítà, tó ń yí ní ìgbà 1,450 ní ìṣẹ́jú kan: láàárín àkókò kan náà, á ti yí ní ìgbà 6, á sì ti ká aṣọ bíi 95 sẹ́ńtímítà mọ́ra. Odidi apá aṣọ ti wé mọ́ ọn kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó mọ̀ pé nǹkan kan fa òun. Ṣáàfù tó ń dán, tí kò ní eyín, tó dà bíi pé kò lè mú nǹkan kan, òun náà ń ká aṣọ. Bí orí bóòtù kékeré kan bá tún yọ síta lára rẹ̀, ó ti di ìwọ̀.

Ibi tó léwu jù ni ibi tí nǹkan méjì ti ń yí wọ inú ara wọn: bẹ́líìtì sí ara púlì, ṣéènì sí ara eyín jíà, rólà sí ara rólà. Òun ni mo pè ní ẹnu ẹ̀rọ. Ẹnu yìí kì í gé èèyàn kó sì fi sílẹ̀, ṣe ló ń fà á wọlé. Bí ẹ̀rọ náà bá sì ń yí síwájú, tó tún ń yí sẹ́yìn, ẹnu ti di méjì, torí ìhà tó ń tú nǹkan jáde ní báyìí ni yóò máa gbé e mì bí wọ́n bá yí i padà.

Torí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé: ẹ lè wò, ẹ lè gbọ́, ẹ lè fi ohun tó ń wọn ooru láti òkèèrè wọn béárìn, gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìbòrí, ìyẹn ohun tí a fi bo ibi tó ń yí kí ọwọ́ má baà dé ibẹ̀. Iṣẹ́ yòówù tó bá ní kí ọwọ́, àkísà, búrọ́ọ̀ṣì tàbí sípánà kọjá ìbòrí, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kú ná. Mo dárúkọ àkísà nítorí òun ló sábà ń kọ́kọ́ há. Ẹni tó ká a mọ́ ìka kí ó má baà bọ́ ti so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ nìyẹn.

Ìbọ̀wọ́ náà ńkọ́? Níbi irin mímú àti ohun gbígbóná, ẹ wọ̀ ọ́. Nídìí ohun tó ń yí, ẹ bọ́ ọ, torí ẹ̀rọ á mú etí ìbọ̀wọ́, ìka á sì tẹ̀ lé e. Òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́, okùn ọrùn tí wọ́n fi ń so káàdì ìdánimọ̀, irun gígùn tí a kò dì, apá aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́: gbogbo wọn ló yẹ kí ó kúrò.

Oníná-Mẹ́ta:
Mo fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n mú ti bọ́tìnì pupa, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí jù.

Iná ìdarí nìkan ni bọ́tìnì pupa ń gé. Iná ńlá ṣì wà lẹ́nu contactor (swíìṣì tí iná ìdarí fi ń tan mọ́tò tó sì fi ń pa á), ó ń dúró. Bí ojú contactor bá ti jó tó lẹ̀ mọ́ra, ẹ tẹ bọ́tìnì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní tú sílẹ̀. Ẹlòmíràn tó ń kọjá lọ sì lè yí bọ́tìnì náà padà kó sì tẹ ti ìbẹ̀rẹ̀ láì mọ̀ pé èèyàn wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Bọ́tìnì pupa wà fún pàjáwìrì. Kò sí fún àtúnṣe.

Ìkejì, ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀rọ ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rọ tó dúró lè máa dúró de àmì ni. Ẹ wo ojú sẹ́ńsọ̀ tí eruku bò: ẹ̀rọ gbà pé ẹrù kò tíì dé, ó dúró. Òṣìṣẹ́ fi àkísà nu eruku yẹn, ẹ̀rọ rí i pé ojú ti là, apá rẹ̀ gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni tó ń nu nǹkan sì wà láàárín. Fáńpù omi ń tẹ̀ lé fùlóòtì inú táǹkì, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ń tẹ̀ lé agbára inú sìlíńdà. Mọ́tò tó gbóná jù tó sì fúnra rẹ̀ dákẹ́ lè fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá tutù, bí wọ́n bá ti gbé ohun tó ń ṣọ́ ooru rẹ̀ sí ipò tó ń dá ara rẹ̀ padà. Bí iná bá sì lọ, tí ẹnì kan ní kí a yára ṣe é kí iná tó dé, ẹ má gbà. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fúnra rẹ̀ gbéra kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ti ṣe tán.

Bí a ṣe ń pa á nìyí. Sọ fún gbogbo àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà, títí kan ẹni tó wà ní ìparí ìlà tí kò rí ọ. Fi ọ̀nà ojoojúmọ́ dá a dúró, kí ó sáré tán. Má fi swíìṣì ńlá gé e nígbà tó ru ẹrù, torí iná lè bú jáde lójú swíìṣì. Lẹ́yìn náà lọ síbi swíìṣì ńlá tó ń gé féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, má dúró níwájú rẹ̀ gan-an, gbójú kúrò, kí o tó fà á wálẹ̀. Fi àgádágodo tìrẹ tì í. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ, àpò rẹ sì ni yóò wà. Fi káàdì kọ́ ọ: orúkọ, ọjọ́, aago, iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Káàdì nìkan kò ti nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ, òróró lè pa ohun tí a kọ sí i rẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fò. Rí i dájú pé kò sẹ́ni nítòsí, tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ wò. Kò gbọ́dọ̀ gbéra. Dá ìdarí padà sí ipò pípa, kí ó má baà gbéra fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá padà. Bí o bá fẹ́ fọwọ́ kan wáyà, gbé tẹ́sítà: kọ́kọ́ dán an wò lára ibi tí o mọ̀ dájú pé iná wà, wá wọn ibi iṣẹ́, kí o tún padà lọ dán an wò níbi tí iná wà. Ìwọ̀n 6 ló kéré jù: féèsì 1 sí 2, 2 sí 3, 1 sí 3, kí o wá wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ilẹ̀. Tẹ́sítà tó ti bàjẹ́ àti wáyà tí kò níná, nǹkan kan náà ni wọ́n ń fihàn. Ìdí tí a fi ń padà sí ibi tí iná wà nìyẹn.

Bí VFD (àpótí tó ń yí ìyára mọ́tò padà) bá ń darí mọ́tò náà, kapásítọ̀ inú rẹ̀ ṣì gbé iná pamọ́ lẹ́yìn tí a gé e. Dúró fún ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìdérí rẹ̀ (5 sí 15 ni ó sábà máa ń jẹ́), kí o sì wọn ẹnu DC rẹ̀ (ibi tí iná tó pamọ́ yẹn wà), kí ó ti lọ sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ fólítì 50, kí o tó fi ọwọ́ kàn án.

Ọmọṣẹ́-Tuntun:
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Tí ẹ̀rọ náà bá kéré ńkọ́, tó jẹ́ pé pulọ́ọ̀gì lásán ló ní?

Oníná-Mẹ́ta:
Yọ pulọ́ọ̀gì, kí o sì jẹ́ kí ó wà níbi tí ojú àti ọwọ́ rẹ wà jálẹ̀ iṣẹ́. Bí o bá máa kúrò nídìí rẹ̀, tàbí bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà lẹ́yìn ògiri tí o kò rí, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń fi bo orí pulọ́ọ̀gì tí wọ́n sì ń fi àgádágodo tì. Tí ẹ̀rọ bá ń lo fíúsì, yọ ọ́, fi í sápò. Jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ epo kéékèèké: fa wáyà orí pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yọ, nítorí fífi ọwọ́ yí abẹ rẹ̀ lásán lè mú un ṣáná.

Irin-Ń-Sọ̀rọ̀:
Ẹ̀yin oníná máa ń dúró níbi iná. Iná ti kú, ó dáa. Ṣùgbọ́n agbára tó wà nínú ẹ̀rọ kì í ṣe ti iná nìkan, èyí tó sì ń ṣe èèyàn léṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àgádágodo tì í ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wúwo tó wà lókè. Orí ẹ̀rọ ìtẹ̀, ìdérí ńlá, apá tó ń gbé ẹrù, òkúta tó ń fa bẹ́líìtì le: bí òróró tàbí afẹ́fẹ́ bá tú sílẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wálẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ pátápátá, tàbí kí ẹ fi irin tó lè ru ìwọ̀n rẹ̀ gbé e dúró. Jáàkì òróró kì í ṣe ìgbéró, torí rọ́bà inú rẹ̀ lè tú nígbàkígbà. Pákó náà máa ń yọ̀.

Ẹ wo bẹ́líìtì tó gun òkè, tó ru ẹrù, tí nǹkan há sí. Ó ti fà le koko bí okùn ọrun. Ẹni tó bá fi irin yọ ohun tó há yìí ti tú okùn ọrun náà sílẹ̀. Bẹ́líìtì á fò, ó lè rìn tó mítà kan síwájú tàbí sẹ́yìn láì sí iná rárá, ohun tó sì wà lórí rẹ̀ á wó padà. Kí ẹ tó yọ nǹkan kan, ẹ tú ohun tó ń fa bẹ́líìtì le, ẹ sì fi ṣéènì tàbí ohun tí a fi ń há bẹ́líìtì dè é mọ́ ara férémù, lókè àti nísàlẹ̀ ibi tó há. Bákan náà ni ẹ̀rọ ìlọ̀ tó há: abẹ rẹ̀ lè yí bí ohun tó há bá ti kúrò.

Fáànù ńlá: afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ihò rẹ̀ kọjá lè máa yí i nígbà tí iná kò sí lára rẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdè mú ṣáàfù. Fáńpù: omi tó ń padà wálẹ̀ láti inú páìpù gíga ń yí i sẹ́yìn. Ẹ ti fáàfù, ẹ tú omi inú rẹ̀ dànù. Kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé agbára pamọ́ lè yí fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí a gé iná. Ẹ dúró kí ó dúró. Ojú nìkan kò tó láti mọ̀, nítorí iná tó ń ṣẹ́jú lè mú kí ohun tó ń yí dà bí ohun tó dúró.

Afẹ́fẹ́ inú páìpù: fáàfù tí a óò tì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń tú ti ìsàlẹ̀ jáde nígbà tó ń dí ti òkè. Kí a sì fi àgádágodo ti òun náà. Ẹ wo ojú gééjì kó dé 0. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún tẹ ohun tó ń lo afẹ́fẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan wò, nítorí gééjì lè há. Ti òróró tó wà lábẹ́ agbára, bí sìlíńdà kan bá wà tó ń kó agbára pamọ́, pípa fáńpù kò tú u. Òun ní fáàfù ìtúsílẹ̀ tirẹ̀.

Bí òróró bá ń jò lára ọ̀pá rọ́bà, ẹ má fi ìka wá ibi tó ń jò. Òróró tó ń tú jáde láti ihò bí ojú abẹ́rẹ́ lè wọ awọ ara, ìbọ̀wọ́ kì í dá a dúró. Ẹ fi páálí wá a.

Èyí tó kù ni ti fífi ọwọ́ yí ẹ̀rọ. Wọ́n ti pa iná, gbogbo ààbò pé, ọ̀kan dì mọ́ bẹ́líìtì ó ń fà á kí ṣáàfù lè yí, ẹnì kejì ní ìka nídìí jíà. Ìka ti ẹni tó ń fà á gan-an náà lè wọ àárín bẹ́líìtì àti púlì, agbára ọwọ́ èèyàn sì tó láti gé orí ìka. Ẹ lo sípánà gígùn lórí ṣáàfù. Ẹni kan ṣoṣo ni yóò máa yí i, òun náà ni yóò máa pè é jáde, kò sì gbọ́dọ̀ yí i títí ẹnì kejì á fi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè fún un rí. Bẹ́líìtì tuntun pẹ̀lú, ẹ má fi irin yí i wọ púlì. Ẹ tú bóòtù ẹsẹ̀ mọ́tò, ẹ ti mọ́tò wọlé, ẹ fi bẹ́líìtì sí i, kí ẹ wá fà á padà. Fún bẹ́líìtì onígun (èyí tó rí bíi lẹ́tà V) tó fà le bó ṣe yẹ, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní àárín, ó máa ń wọlé tó nǹkan bíi 16 mìlímítà fún mítà kan tó wà láàárín púlì méjì.

Ọmọṣẹ́-Tuntun:
Àwọn ẹ̀bùn kan kò ṣeé rí bí ẹ̀rọ bá dúró. Bíi bẹ́líìtì tó ń sá sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, àbùkù ni mo fẹ́ kọ, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Onísípánà:
Ó yé wa. Bẹ́líìtì tó ń sá sẹ́gbẹ̀ẹ́, a máa ń tún un ṣe nígbà tó ń rìn, ṣùgbọ́n láti òde ìbòrí. Orí bóòtù ìfàle gbọ́dọ̀ wà lóde. Bó bá wà nínú, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ gbé e jáde ná. Ẹ̀gbẹ́ tí bẹ́líìtì ń sá sí níbi púlì ìdí (èyí tó wà níbi tí ẹrù ti ń gorí bẹ́líìtì) ni ẹ ó fún le díẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí, kí ẹ jẹ́ kí bẹ́líìtì yí po ní ìgbà 3, kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ìkánjú tó ń mú wọn yí i ní ìlọ́po mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ló ń jẹ́ kí ó sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí wọ́n á wá fẹ́ fi igi tì í. Igi kankan kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì tó ń rìn.

Gírísì náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ẹnu ibi tí a ti ń fún gírísì sí i jáde síta ìbòrí pẹ̀lú ọ̀pá tín-ín-rín, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni, kò sì sí pé ẹnì kan ń na ọwọ́ wọnú ẹ̀rọ mọ́. Ìbòrí náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ihò gbọọrọ ara rẹ̀ bá fẹ̀ tó 12 sí 20 mìlímítà, ohun tó ń yí gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó 120 mìlímítà ó kéré tán. Tó bá fẹ̀ ju 20 lọ, ọwọ́ àti apá lè gba ibẹ̀ wọlé, ìwọ̀n náà sì di 850. Ìwọ̀n ISO 13857, ìlànà àgbáyé lórí bí ìbòrí ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ewu, nìyẹn.

Bó bá wá di dandan pé kí ẹ̀rọ máa yí nígbà tí ìbòrí wà ní ṣíṣí, bí ìgbà tí a ń tò ó, ó gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnì tó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá kúrò lórí rẹ̀, ó dúró. Ẹni tó sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ jù ni yóò di bọ́tìnì náà mú, kì í ṣe ẹni tó wà ní yàrá ìdarí. Ìyára gbọ́dọ̀ wálẹ̀: fún apá rọ́bọ́ọ̀tì, kò gbọ́dọ̀ ju 250 mìlímítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀rọ tí kò ní èyí kò ṣeé tò bẹ́ẹ̀.

Aláàbò:
Ẹ fi kún un pé bí ẹ̀rọ kan bá ń há ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tó há, ohun tó há, aago. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ó rí i pé ibì kan náà ni. Ẹ tún ibẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń dá ẹ̀rọ dúró lẹ́ẹ̀mẹrin á ti ṣíwọ́ fífi àgádágodo tì í ní ọjọ́ kẹta, kò sì yẹ ká máa fi ìbínú wò ó. Bákan náà ni ìbòrí tó ní swíìṣì tó ń dá ẹ̀rọ dúró bí ìbòrí bá ṣí, tí wọ́n wá fi mágnẹ́ẹ̀tì tàn jẹ: ẹ yọ mágnẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ sì béèrè iṣẹ́ tí ìbòrí yẹn ń dí lọ́wọ́.

Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bá ju ẹyọ kan lọ, olúkúlùkù ló ní àgádágodo tirẹ̀. Irin kan wà tó ní ihò 6, a ó fi há swíìṣì, gbogbo àgádágodo á kọ́ sí i. Bí ibi tí iná ti ń wọlé bá pọ̀, ẹ fi àgádágodo ti gbogbo wọn, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wọn sínú àpótí kan, kí olúkúlùkù wá fi tirẹ̀ ti àpótí náà. Àpótí kò ní ṣí títí ẹni ìkẹyìn á fi jáde. Má gbà kí ọ̀gá fi àgádágodo tirẹ̀ ṣe tìrẹ.

Nígbà pàṣípààrọ̀ iṣẹ́, ẹni tó ń bọ̀ á kọ́kọ́ fi tirẹ̀ kọ́ ọ kí ẹni tó ń lọ tó yọ tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì gbàgbé tirẹ̀ lọ ilé, a kì í fi ayùn gé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí, 29 CFR 1910.147 tó jáde ní 1989, là á sílẹ̀: ẹni tó fi í síbẹ̀ ni kó yọ ọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìlànà àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà: ẹ rí i dájú pé kò sí ní ọgbà iṣẹ́, ẹ sa gbogbo ipá láti bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé a ti yọ ọ́ kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn ìkẹyìn ló ń dá ẹ̀mí sí, torí ẹni náà á dé lówùúrọ̀, á sì gbà pé àgádágodo òun ṣì wà níbẹ̀. Òfin kan náà ní kí a yẹ ìlànà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Nọ́ọ̀sì-Pàjáwìrì:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kẹta, ti bí ẹ̀rọ bá ti mú èèyàn.

Bọ́tìnì pupa ni àkọ́kọ́. Kí ẹnì kan sá lọ gé iná ńlá, kó fi àgádágodo tì í, kí ó sì dúró síbẹ̀. Kí ẹlòmíràn pe ọkọ̀ aláìsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tẹ bọ́tìnì ìyípadà láti fi yọ ọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń yí sẹ́yìn, ó lè tún ya ohun tó ti fọ́, ó sì lè fa apá mìíràn wọlé. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà ni kó tú ìfàle bẹ́líìtì, kó tú bóòtù tó gbé rólà, tàbí kó gé bẹ́líìtì tí a ti tú. Bí ó bá ń mí, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì tú púpọ̀, ẹ lè dúró kí àwọn oníṣègùn dé kí ẹ tó yọ ọ́, nítorí nígbà mìíràn irin tó tẹ̀ ẹ́ ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú: ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ gan-an, pẹ̀lú gbogbo agbára, láì ṣí i wò. Bí kò bá dáwọ́ dúró lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, ẹ fi okùn tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró so ó ní sẹ́ńtímítà 5 sí 7 sókè ojú ọgbẹ́, kì í ṣe lórí oríkèé. Ẹ fún un títí ẹ̀jẹ̀ á fi dúró. Á dùn ún gan-an, ìyẹn kì í ṣe àmì pé ẹ ṣe é lódì. Ẹ kọ aago sí i lára, ẹ má tú u. Bí kò bá sí, aṣọ tó fẹ̀ tó 4 sẹ́ńtímítà àti igi kan tí a fi lọ́ ọ ṣeé lò. Wáyà tàbí okùn tín-ín-rín á gé ẹran ara.

Ìka tàbí ọwọ́ tó já: ẹ wá a, kódà bó bá wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ wé e sínú gọ́ọ̀sì tí a fi omi iyọ̀ ìwòsàn rin díẹ̀, ẹ fi í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, ẹ dí i, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà sínú omi tó ní yìnyín. Yìnyín kò gbọ́dọ̀ kan ẹran ara náà, nítorí á pa á. Ẹ kọ orúkọ àti aago sí i, kí ó bá ẹni náà lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Èyí tí wọ́n ń fojú kéré jù ni ti òróró tàbí gírísì tó wọ awọ ara, tí Irin-Ń-Sọ̀rọ̀ mẹ́nu bà. Ihò kékeré kan ni ẹ ó rí, ó lè má dùn ún rárá ní wákàtí àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ á nù ún, á tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Òróró náà ti ń rìn nínú ìka, ó ń pa ẹran ara láti inú. Iṣẹ́ abẹ ni, ní kíákíá, láàárín wákàtí 6 bó bá ṣeé ṣe. Ẹ sọ fún dókítà pé "ó wọ ara pẹ̀lú agbára", kí ẹ sì mú orúkọ òróró náà dání, torí bó bá wò ó lójú lásán, ó lè gbà pé abẹ́rẹ́ ló gún un.

Alátúnṣe:
Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ ti bẹ́líìtì akẹ́rù kan báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

Sọ fún gbogbo ìlà. Dá a dúró pẹ̀lú bọ́tìnì ojoojúmọ́. Gé swíìṣì ńlá, fi àgádágodo àti káàdì sí i. Ti fáàfù afẹ́fẹ́, fi àgádágodo tì í, kí gééjì dé 0. Yọ ìbòrí. Tú ìfàle, fi ìdè mú bẹ́líìtì lókè àti nísàlẹ̀. Tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ wò. Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́: kó irinṣẹ́ kúrò, tú ìdè, fa bẹ́líìtì le, dá ìbòrí padà, ka èèyàn, yọ àgádágodo, sọ fún gbogbo ìlà, tan án.

Oníná-Mẹ́ta:
Ó dára, àfi ibì kan. Gbé "tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ wò" sókè, kí ó ṣáájú "yọ ìbòrí". Bí o bá gé swíìṣì tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sàn kí ẹ̀rọ gbéra nígbà tí ìbòrí ṣì wà lórí rẹ̀ ju ìgbà tí ọwọ́ ti wà nínú rẹ̀ lọ. Kí o sì fi "dá ìdarí padà sí ipò pípa" tẹ̀ lé e.

Irin-Ń-Sọ̀rọ̀:
"Ka èèyàn" náà, kọ iye wọn sí i. Mẹ́ta wọlé, mẹ́ta jáde, orúkọ wọn lórí káàdì. Kí o sì ka sípánà bákan náà.